Kọ́ńpìnì mi wà ní Ìlú Ọba, èmi wà ní Bódìjà: ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn méjì tó ń bá mi ṣètò owó orí

Ẹ̀yin tí ẹ forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, tí ẹ sì ti kó ẹrù padà wálé, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Iṣẹ́ ara mi ni mò ń ṣe. Àwòrán tó ń rìn ni mò ń yà fún àwọn oníbàárà ní Leeds àti Manchester, inú yàrá kan ní Bódìjà ni mo sì ti ń yà á. Kọ́ńpìnì ló ń gbowó lọ́wọ́ wọn. Èmi nìkan ni olùdarí, èmi nìkan náà ni mo ni ín. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, nítorí náà ẹni méjì ni mò ń sanwó fún lórí ọ̀rọ̀ owó orí: ilé-iṣẹ́ kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, àti akáǹtáǹtì obìnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Mọ́kọ́lá. N ò ní dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Ká ti ibi ti Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yára, owó wọn ò sì wọ́n. Òfin ibẹ̀ ò ní kí olùdarí máa gbé níbẹ̀, àmọ́ kọ́ńpìnì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tó dájú níbẹ̀, wọn ò sì gba P.O. Box mọ́ láti oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn ló fún mi ní àdírẹ́sì, wọ́n sì máa ń ya fọ́tò lẹ́tà tó bá dé ránṣẹ́ sí mi. Ìwé ìṣirò gbọ́dọ̀ dé Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín oṣù mẹ́sàn-án tí ọdún ìṣirò bá parí. Owó orí èrè gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ kan tó pé. Wọn ò jẹ́ kí èyíkéyìí nínú rẹ̀ yẹ̀ lórí mi rí. Nígbà tí Companies House bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí olùdarí fi ẹni tó jẹ́ hàn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, fóònù mi àti ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tó ní ṣíìpù ni wọ́n kọ́ mi láti fi ṣe é, láìkúrò nílé.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ ni ìmọ̀ràn. Mo kọ Nàìjíríà síbi tí wọ́n ti béèrè ìlú tí mò ń gbé, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan lórí ẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹni tó ń gbé Birmingham ni wọ́n fún èmi náà: gba owó oṣù díẹ̀, kó ìyókù bí ìpín èrè, kọ́ńpìnì á san 19% lórí èrè tí kò bá ju £50,000 lọ, ó parí. Òótọ́ ni pé Britain kì í yọ owó orí lára irú ìpín èrè bẹ́ẹ̀ kó tó dọ́wọ́ onípìn-ín. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa rò pé owó náà ti bọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Mọ́kọ́lá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Màmá, bí mo ṣe ń pe akáǹtáǹtì náà, bi mí ò kan owó rárá.

"Níbo lẹ máa ń wà tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn?"

"Bódìjà ni, mà."

"Ta ló ń pinnu iye tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà?"

"Èmi náà ni, mà."

"Ó dáa. Kọ́ńpìnì yín ti ń gbé Ìbàdàn nìyẹn."

Ó wá là á yé mi. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ka kọ́ńpìnì tí wọ́n ń darí láti Nàìjíríà mọ́ kọ́ńpìnì Nàìjíríà, ibi yòówù kí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Britain náà sì kà á sí tiwọn nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìdí tí àdéhùn ọdún 1987 láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì fi wà nìyẹn, kí owó kan náà má baà san owó orí lẹ́ẹ̀mejì. Òfin tuntun náà kò gba owó orí èrè lọ́wọ́ kọ́ńpìnì kékeré, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn tó ń ta iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àǹfààní yẹn. Màmá lo àkókò púpọ̀ lórí bóyá àwòrán yíyà wà lára wọn. Ẹni tí kì í dáhùn kó tó kàwé tán ni, mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ti èmi fúnra mi rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà yóò san owó orí lórí owó tó ń wọlé fún un káàkiri ayé, bó gbé e wálé o, bó fi í sílẹ̀ ní báńkì London o. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mò ń san án fún, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta sì ni gbèdéke ìwé tí èèyàn á fi sọ iye tó wọlé fún un. Ó fi mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ṣe àpẹẹrẹ fún mi lórí ìwé: ₦800,000 àkọ́kọ́ ò san nǹkan kan, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e san 15%, mílíọ̀nù méje tó kù san 18%. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,590,000. Ó wá ní kí n mú rìsíìtì owó ilé wá, torí wọ́n máa ń yọ ìdá 20% owó ilé ọdún kan kúrò kí wọ́n tó ṣírò, kó ṣáà má ju ₦500,000 lọ. Lánlọ́ọ̀dù mi rò pé ẹjọ́ ni mo fẹ́ gbé e lọ! Ẹni tó ń san ₦1,500,000 fún ilé á rí ₦54,000 mú kúrò nínú àpẹẹrẹ yẹn.

Kì í ṣe pé Mọ́kọ́lá ò ní àléébù. ₦300,000 ni wọ́n ń gbà lọ́dún, ó sì ju ti òyìnbó lọ. Wọ́n kórìíra ímeèlì. Ohùn WhatsApp ni Màmá máa fi ránṣẹ́, ní òru, ohùn gígùn tí èèyàn á tún jókòó tì láti kọ sílẹ̀. Ọmọ ọ́fíìsì wọn ṣi orúkọ kọ́ńpìnì mi tẹ̀ sórí ìwé tó yẹ kó lọ síbi pàtàkì. Èmi ni mo rí i. Nígbà tí mo sì béèrè iye ọjọ́ tí mo lè lò ní Ìlú Ọba láìdi ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lójú owó orí, Màmá ní òun ò mọ̀ ọ́n, kí n lọ bi àwọn ọ̀hún. Àwọn náà dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì, kedere: ẹni tó ti jẹ́ olùgbé ibẹ̀ nínú ọ̀kan lára ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ò gbọ́dọ̀ lò tó ọjọ́ 16 nínú ọdún owó orí wọn, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, tó bá fẹ́ kó dájú. Tó bá ti lo ọjọ́ 183, ó ti di olùgbé. Ohun tó bá wà láàárín méjèèjì, ohun tó so ó mọ́ ibẹ̀ ni wọ́n á wò: ilé, ẹbí, iṣẹ́.

Ẹni tí kọ́ńpìnì rẹ̀ ò tíì pa kọ́bọ̀, kó má san owó Mọ́kọ́lá síbẹ̀. Ti Ìlú Ọba ni kó máa bá lọ, torí ìjìyà ibẹ̀ kì í dúró de èrè. Èmi ti san ti ọdún tó ń bọ̀ fún Màmá. Ti àwọn tọ̀hún, ètò tó kéré jù ni mo padà sí, àdírẹ́sì àti ìwé ìṣirò nìkan. Ìmọ̀ràn oṣooṣù tí wọ́n ń tà mọ́ ọn, n ò rà á mọ́.