Ọjọ́ kan pẹ̀lú afinimọ̀nà ní Monfragüe: ibi tí owó náà ti tọ́, àti ibi tí kò yẹ kí ẹ san kọ́bọ̀

Tó bá jẹ́ igún nìkan lẹ fẹ́ wò ní Monfragüe, ọgbà ẹranko igbó tó wà ní agbègbè Extremadura ní Sípéènì, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wa mọ́tò gba ọ̀nà EX-208, ẹ dúró níbi tí wọ́n ń pè ní Salto del Gitano, kí ẹ sì gbójú sókè. Wọn kì í gba owó ìwọlé ní ọgbà ìjọba yìí, àpáta tí àwọn igún ń gbé sì wà ní òdìkejì omi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ẹyẹ tí kì í sún mọ́ títì, tí ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó mú kí ẹranko ṣì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú oko tí àwọn èèyàn ń dá lójoojúmọ́, ẹ wá afinimọ̀nà. Owó tí a san fún tiwa kò dùn mí rárá.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti màmá wa tó wá kí wa láti Ìsẹ́yìn. Madrid là ń gbé. Extremadura wà ní ìwọ̀-oòrùn Sípéènì, ó bá ilẹ̀ Pọtogí pààlà, ìrìn bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ sì ni láti Madrid dé ìlú Trujillo tí a sùn sí. Ìparí oṣù kẹrin ni. Afinimọ̀nà tí a bá sọ̀rọ̀ jẹ́ ọmọ agbègbè náà, iṣẹ́ tó yàn láàyò ni kó máa mú èèyàn lọ wo ẹyẹ. Ohun tó gbà lé díẹ̀ ní 150 Yúrò fún odidi ọjọ́, mọ́tò rẹ̀ àti awò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, gbogbo wa la jọ dá a. Oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀.

Kí oòrùn tó yọ, a ti wà ní pápá gbalasa tó yí Trujillo ká. Igi kò sí níbẹ̀. Koríko àti òkúta lojú ń rí, títí dé àwọn òkè Gredos lọ́nà jíjìn, tí yìnyín ṣì wà lórí wọn. Ẹyẹ tí a torí rẹ̀ jí ní òru ni avutarda. Akọ rẹ̀ lè wúwo ju kílò mẹ́wàá lọ, àwọn kan a máa tó kílò 15, bẹ́ẹ̀ ó ń fò. Nínú gbogbo èyí tó kù láyé, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé Sípéènì ló ń gbé. Afinimọ̀nà pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé awò lé etí fèrèsé, ó ní kí Màmá kọ́kọ́ wò. Akọ kan wà láàárín pápá. Ó tẹ orí sẹ́yìn, ó fẹ́ ọ̀fun, ó sì yí ìyẹ́ apá àti ìrù rẹ̀ sódì títí gbogbo ara rẹ̀ fi funfun báláú, bí ẹni tó gbé agbádá wọ̀ lódìlódì tó sì ń yan bọ̀ lójú agbo. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Torí àtirí abo ló ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀ṣọ́ yẹn, ṣùgbọ́n abo méjì tó wà nítòsí kò tilẹ̀ wo ibi tó wà.

Ibí ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí a gbà mọ iṣẹ́. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ pé kó sún mọ́tò síwájú díẹ̀, ó kọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀kalẹ̀, nítorí ẹyẹ yẹn ò ka mọ́tò sí, àmọ́ tó bá ti rí èèyàn tó fẹsẹ̀ rìn, yóò gbéra. Ní àsìkò yẹn, àwọn abo kan ti ń yé ẹyin sórí ilẹ̀ láàárín àlìkámà. Bí a bá lé wọn dìde, ẹyẹ ìwò á kó ẹyin lọ. Mo ti bá àwọn afinimọ̀nà tí wọ́n á ṣe ohun gbogbo kí oníbàárà lè ya fọ́tò rìn níbòmíràn. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ó tún sọ fún wa nípa sisón, ìbátan kékeré avutarda, tó ti di ọ̀wọ́n ní pápá yẹn. Wọ́n ń tètè gé koríko kí ọmọ ẹyẹ tó gbọ́nyẹ́, wọ́n sì ń sọ ilẹ̀ pápá di oko tí wọ́n ń bomi rin. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún.

Nínú Trujillo fúnra rẹ̀, ẹ kò nílò ẹnikẹ́ni. Àkọ̀ ń kọ́ ìtẹ́ sórí ilé gogoro ní ojúde ńlá tí ère Francisco Pizarro, ará Sípéènì tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Peru, wà, àwọn àṣá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní cernícalo primilla sì ń bí sábẹ́ páànù amọ̀ tí wọ́n fi bo gbọ̀ngàn ìjà màlúù. Ẹ mu kọfí, ẹ wò wọ́n, ẹ máa lọ.

Láti Trujillo sí Monfragüe, inú dehesa lẹ máa gbà kọjá, òun ni mo sì rò pé ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wò jù. Kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe oko lásán. Igi encina àti igi alcornoque ni, wọ́n jìnnà síra wọn, koríko wà lábẹ́ wọn, màlúù, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ń jẹ káàkiri. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá, èso igi wọ̀nyí tó ń bọ́ sílẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ sanra, ẹran rẹ̀ sì ni jamón olówó gọbọi tí wọ́n ń gbé kọ́ ní gbogbo ilé oúnjẹ Madrid. Alcornoque ni wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án láti fi ṣe ìdérí ìgò wáìnì. Wọn kì í gé igi náà. Ó ń pa owó wọlé láàyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣì dúró, tí ẹyẹ fi rí ibi gbé. Bí a ṣe ń lọ ni Màmá fi ọwọ́ tọ́ka: "Ọmọ mi, lékeléke kọ́ nìyẹn?" Lékeléke ni lóòótọ́, wọ́n ń tẹ̀ lé màlúù bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ti àwọn Fúlàní nílé. Ẹyẹ kan náà ni, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Àwọn àwòdì dúdú tó ń rà bàbà lókè náà jẹ́ tiwa: tó bá ti di ìparí oṣù keje, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gba Gibraltar sọdá omi, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń bọ̀.

Nǹkan bí agogo mẹ́wàá la dé Salto del Gitano. Afinimọ̀nà mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí àsìkò yẹn ni. Igún wúwo, kò lè máa ju apá títí. Ó ń dúró kí oòrùn mú àpáta gbóná, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná gbéra, kó tó jẹ́ kí ó gbé òun lọ. Odò Tajo wà nísàlẹ̀, àpáta Peña Falcón dìde ní òdìkejì rẹ̀, igún sì kún orí rẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù ni buitre leonado, tí apá rẹ̀ nínà lé ní mítà méjì. Wọ́n ń fò kọjá nísàlẹ̀ ibi tí a dúró sí, ẹ ó rí ẹ̀yìn wọn, ẹ ó gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú ìyẹ́ wọn. Buitre negro tóbi jù ú lọ, apá rẹ̀ ń sún mọ́ mítà mẹ́ta. Orí igi lòun ń kọ́ ìtẹ́ sí. Tọkọtaya tó lé ní 300 ló wà ní Monfragüe àti àyíká rẹ̀, ibi tí wọ́n ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ láyé.

Màmá wò títí, wọ́n ní: "Ta ló ń bọ́ gbogbo àwọn wọ̀nyí?" Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀, inú afinimọ̀nà sì dùn sí ìbéèrè náà. Ẹran ọ̀sìn tó bá kú ní pápá ni oúnjẹ wọn láti ayébáyé. Nígbà tí àrùn wèrè màlúù dé sí Yúróòpù, òfin sọ pé kí wọ́n máa kó gbogbo òkú ẹran lọ sun, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa igún ní Sípéènì. Àwọn onímọ̀ pariwo, wọ́n sì tún òfin ṣe. Ní 2011 ìjọba Sípéènì fi àyè sílẹ̀ kí àwọn darandaran lè fi òkú ẹran sílẹ̀ fún wọn ní àwọn agbègbè tí a yàn. Ọgbà náà fúnra rẹ̀ ì bá má sí mọ́. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń hú igi ìbílẹ̀ kúrò láti gbin igi àjèjì tí wọ́n ń pè ní eucalyptus. Jesús Garzón, ajìjàgbara fún ààbò ẹranko àti igbó, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde lòdì sí i, ìjọba dáàbò bo ibẹ̀ ní 1979, ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 2007.

Màmá sọ pé nígbà táwọn wà lọ́mọdé, igún kì í wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, pé ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ti rí ọ̀kan gbẹ̀yìn. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Síbẹ̀ orí igún ń bẹ lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà wa, májèlé sì ń pa ìyókù. Láti 2015 ni wọ́n ti kọ igún ilé wa sára àwọn ẹyẹ tí ìparun rẹ̀ sún mọ́lé jù lọ láyé. Ó dùn mí láti dúró ní Sípéènì kí n tó rí wọn tó báyìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá lọ síbẹ̀ nínú wa gbójú fo ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sán, a jókòó ní Portilla del Tiétar láti dúró de idì tí wọ́n ń pè ní águila imperial, èyí tí èjìká rẹ̀ funfun. Ilẹ̀ Sípéènì àti Pọtogí nìkan ló ti ń bí. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn tọkọtaya tó kù kò pé ọgọ́rùn-ún; wọ́n ti lé ní 500 báyìí. Ehoro ni oúnjẹ rẹ̀, wáyà iná sì wà lára ohun tó ń pa á jù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà bo àwọn wáyà ọ̀hún. A dúró pẹ́. Ọ̀kan fò kọjá níkẹyìn, ó ga jù, bí kì í bá ṣe awò ńlá a kì bá mọ̀ pé òun ni.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wà. Awò ọwọ́ tí afinimọ̀nà yá wa ti gbó, ọ̀kan kò mọ́lẹ̀ rárá. Ẹ mú tiyín lọ, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí tó. Ìsinmi ọ̀sán gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sì sọ fún wa ṣáájú pé ọ̀nà tó gòkè lọ sí ilé olódi Monfragüe ga fún àgbàlagbà, Màmá ní láti jókòó dè wá nísàlẹ̀. Ìran tó wà lókè yẹn dára, àmọ́ ẹni tí eékún ń dùn kò pàdánù púpọ̀ tó bá dúró sí Salto del Gitano.

Ẹ lọ láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibòji kò sì tó nǹkan. Ẹ dé fìlà, ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì wọ ṣòkòtò gígùn nítorí eégbọn. Ẹ má torí ológbò igbó tí wọ́n ń pè ní lynx lọ síbẹ̀; agbègbè Andújar ní gúúsù Sípéènì ni kí ẹ wá a lọ. Ibùdókọ̀ ojú irin kan ń jẹ́ Monfragüe, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọgbà náà, nítorí náà ẹ háyà mọ́tò. Villarreal de San Carlos, abúlé kékeré inú ọgbà náà, ni ẹ ti máa gba máàpù, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀nà ìrìn tí wọ́n fi àwọ̀ sàmì sí ti bẹ̀rẹ̀; aláwọ̀ ewé tó lọ sí Cerro Gimio ni a fẹ́ràn jù. A ti ní kí afinimọ̀nà yìí kan náà fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún wa ní ìparí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn akọ àgbọ̀nrín ń bú ramúramù nínú dehesa.