Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá bá mi nílé ní Àpáta

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì ti débẹ̀. Wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á pín in fún àwa tí a jókòó sílé níbí. Èmi ń bá obìnrin kan tó ń ta òdòdó ní Manchester tọ́jú ìwé owó rẹ̀: rísíìtì, owó tó jẹ, owó tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ìdí tí mo fi wá iṣẹ́ tí mo lè máa ṣe nílé kò ju ọ̀kan lọ. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún méje, ó ní ọ́tísìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ àti ariwo lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù, kò tíì sọ̀rọ̀. Bí gẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ṣàdédé bú, ó lè ké fún ogún ìṣẹ́jú. Ilé ìwé tó lè gbà á, owó rẹ̀ ju agbára èmi àti bàbá rẹ̀ lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ bá ṣe, tí mi ò ní dárúkọ, fi nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà mi tó ń ya àwòrán ojú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ mi ń ké, mo gbé e mọ́yà, mo ń bá a rìn ká pálọ̀. Kí n tó padà dé ìdí kọ̀ǹpútà, wọ́n ti yọ owó wákàtí kan kúrò nínú owó mi. Iṣẹ́ ọjọ́ náà pé pérépéré, kò sì lábùkù. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò dá mi lóhùn.

Nítorí náà, nígbà tí màmá tó ni ti Bódìjà yìí pè mí lórí fóònù láti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, tí ọmọ mi sì fi igbe bọnu, ńṣe ni mo sáré lọ ti ilẹ̀kùn. Màmá ní, "Jẹ́ kó wá, ọmọ mi. Kí ló ń ṣe é?" Ọ̀rọ̀ ọmọ la kọ́kọ́ sọ kí a tó kan ìṣirò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi rísíìtì oṣù kan tó dàrú ránṣẹ́ sí mi, wọ́n fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta kí n fi tò ó. Aago méjì òru ni mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi mí ní wákàtí tí mo fi ṣe é, bó ṣe péye tó ni wọ́n yẹ̀ wò.

Màmá ló sọ ìtàn Steve Shirley fún mi, obìnrin kan tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, torí wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ti wo àwòkọ́ṣe. Dortmund ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1933. Júù ni bàbá rẹ̀, adájọ́ sì ni. Ní 1939, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sínú ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn ọmọdé Júù sá fún ìjọba Hitler lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Nígbà tó dàgbà, ó di ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin gòkè. Ní 1962, ó fi pọ́n-ùn 6 dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Àwọn obìnrin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ọkọ tàbí ọmọ ló ń pín iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún. Pẹ́ńsùlù àti ìwé ni wọ́n fi ń kọ àwọn ìlànà tí kọ̀ǹpútà á tẹ̀lé nílé. Lẹ́tà tó bá fi Stephanie, orúkọ ara rẹ̀, parí nígbà tó ń wá oníbàárà, wọn kì í fèsì sí i. Ọkọ rẹ̀ ní kó máa kọ Steve, tó jẹ́ orúkọ ọkùnrin, ìgbà yẹn ni èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nínú òṣìṣẹ́ 300 àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kan àpótí dúdú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀, ti ọkọ̀ òfuurufú Concorde.

Ṣùgbọ́n ibi tó mú omi bọ́ lójú mi ni ti Giles, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Ọ́tísìmù ni. Tí oníbàárà bá sì pè nígbà tí Giles ṣì kéré, Shirley á tan téèpù tí wọ́n gba ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí, kí wọ́n lè rò pé ọ́fíìsì ló wà, kí wọ́n má gbọ́ igbe ọmọ. Giles kú ní 1998, ẹni ọdún 35. Púpọ̀ nínú ọrọ̀ tí màmá rẹ̀ kó jọ ló ná lórí àwọn ọlọ́tísìmù, ó sì dá ilé ìwé sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí òun náà kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Màmá fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí gbogbo wa.

Mo mọ téèpù yẹn. Èmi náà ti ti ilẹ̀kùn, mo ti tan rédíò bo igbe. Lọ́dọ̀ àwọn ti Bódìjà yìí, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi fún olódòdó kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá wọlé sí ojú kámẹ́rà nígbà ìpàdé, obìnrin náà á juwọ́ sí i, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú káàkiri, wọ́n ti pe olódòdó ṣáájú kí n tó rí nẹ́tíwọọ̀kì pè wọ́n. Wọn ò yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó mi lọ́sẹ̀ yẹn.

Àléébù wọn wà níbi owó. Pọ́n-ùn 20 ni wọ́n ń mú nínú 100, mo sì gbà pé ó pọ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù ni wọ́n ṣèlérí, ó ti di ọjọ́ kejìlá rí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń san owó ilé kò lè fara da ìyẹn, mo sì ti sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ iná náà ń bẹ. Èmi ni mo fowó ara mi ra ínfátà àti bátìrì, gbèsè rẹ̀ sì gbà mí tó oṣù mẹ́jọ. Ó yẹ kí wọ́n máa yá òṣìṣẹ́ lówó fún un, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Wọn kì í polówó. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń mú ẹlòmíràn wá. Mo ti mú obìnrin kan lọ bá wọn, ojúlùmọ̀ mi láti ilé ìwòsàn tí a máa ń gbé àwọn ọmọ lọ. Àkọ́kọ́ nǹkan tó bi mí ni pé ṣé òun gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ọmọ òun náà máa ń ké. Mo ní kó sọ ọ́.