Mo Ti Kétu Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Olùkọ́ Àkànṣe ní Yunifásítì Nàìjíríà: Bí Mo Ṣe Rí I

Àwọn òbí àtàwọn ọmọ lísè, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Kétu wa ní ilẹ̀ Benin máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí èèyàn sọdá lọ sí Nàìjíríà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ adití, afọ́jú àti ọmọ tí ìwé ń ni lára. Mo gbà pé ó yẹ. Àmọ́ ibi tí ẹ bá fẹ́ ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àti irú ọmọ tí ẹ fẹ́ kọ́, ló máa sọ bóyá owó yín jẹ èrè. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì tí mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ìwọlé. Ọdún 4 ni B.Ed., oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́, fún ẹni tó bá gba JAMB, ìdánwò àṣewọ yunifásítì, wọlé. Ẹni tó ti ní NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ti Nàìjíríà, lè gba Direct Entry, ìyẹn kó wọlé sí ọdún kejì tààrà, kó ṣe é ní 3. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan nínú ìdánwò JAMB. Tó bá jẹ́ BAC, ìwé ẹ̀rí àṣejáde lísè, lẹ ní lọ́wọ́ bíi tèmi, ẹ múra sílẹ̀ fún àlàyé. Akọ̀wé kan yí ìwé ẹ̀rí mi sókè sódò, ó ní ibo ni "credit", máàkì tí wọ́n fi ń gbani wọlé ní Nàìjíríà, wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ògbifọ̀ tí ìjọba mọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kó sì lù ú ní òǹtẹ̀, kí ẹ tó kọjá ẹnubodè ní Ìlárá. Ní ti owó, láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní 2023, CFA, owó wa ní Benin, ń ra nǹkan púpọ̀ sí i lọ́hùn-ún, àmọ́ owó yàrá àti epo jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iṣẹ́ tí mo wá kọ́: ìtàn ètò ẹ̀kọ́, ìmọ̀ ìrònú ọmọdé, kíláàsì tó kún débi pé àwọn kan ń kọ nóòtì lójú fèrèsé. Ẹ fara dà á. Ìgbà tí wọ́n ní kí oníkálukú mú ẹ̀ka tirẹ̀ ni nǹkan tó dùn: ojú, etí, ọpọlọ tó ń lọ́ra, ìṣòro ìwé kíkà. Ẹ ó tún mú iṣẹ́ kan tí ẹ ó máa kọ́ ní kíláàsì mọ́ ọn. Mo mú Faransé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní èyí tó rọrùn ni mò ń wá, wọn ò sì parọ́.

Ojú ni ẹ̀ka tí mo mú, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ nínú gbogbo ọdún yẹn. Tóótó 6 péré ni Braille, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, èyí tí Louis Braille, ọmọ Faransé tí ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré, ṣètò rẹ̀ ní 1824. Pátákó oníhò àti irin ṣóńṣó ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹ̀yìn ìwé lẹ ó máa gún, torí náà láti ọ̀tún lọ sí òsì ni ẹ ó máa kọ, gbogbo lẹ́tà á dojú kọ̀yìn, ìgbà tí ẹ bá yí ìwé náà padà ni ó tó ṣeé kà. Orí mi kọ́kọ́ dàrú. Olùkọ́ wa fúnra wọn kò ríran. Bí tóótó kan kò bá yọ dáadáa, ìka wọn á dúró lé e, wọ́n á ní, "Ta ló ni èyí?" Kò sẹ́ni tó ń ṣe máàkì tó le bí tiwọn, kò sì sẹ́ni tí mo kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀ tó wọn. Perkins, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ Braille, rọrùn ju irin lọ, torí bọ́tìnì kan wà fún tóótó kọ̀ọ̀kan, àmọ́ wọn ò tó wa, a sì ń jà lé wọn lórí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé Braille Gẹ̀ẹ́sì onígékúrú, níbi tí àmì kan ti lè dúró fún odindi ọ̀rọ̀, tí mo fi òògùn ojú kọ́, yóò bá mi jà nílé. Bí tóótó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá yọ papọ̀, "for" ni wọ́n ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní Faransé, é ni. Ohun tó jẹ́ "the" lọ́hùn-ún, è ni ní Faransé; "of" di à; "and" di ç. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ Kétu ní ìwé kíkà, tí ojú rẹ̀ ń rí "for" níbi tí ọmọ náà ti ń ka é! Ẹ̀gbọ́n kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí kò ríran, ló jókòó tì mí tí mo fi tún un kọ́. Máàkì tí màá yọ fún ètò náà, ibí yìí ni màá ti yọ ọ́: wọ́n mọ̀ pé Faransé ni iṣẹ́ kíláàsì mi, kò sì sẹ́ni tó ní kí n wo Braille Faransé.

Àwọn tó mú etí kò rí irú rẹ̀, ìtàn ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954, bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ adití ní Gánà ní 1957, ó wọ Nàìjíríà, ó sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, títí kan àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé. Èdè ọwọ́ tó mú wá láti Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò èyí tí púpọ̀ nínú àwọn adití wa ní Benin ń sọ. Lóòótọ́, àwọn àmì kan tó ń lo lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ti Faransé, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ti Nàìjíríà á tètè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ padà wálé, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń mú ẹ̀ka.

TP, ìyẹn ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kúrú. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ láti kọ ètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ kan ṣoṣo: ohun tó lè ṣe, ohun tí a fẹ́ kó lè ṣe kí táàmù tó parí, bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ti ṣe é. Ìwé tí a ń lò rò pé ọmọ mẹ́wàá ló wà ní kíláàsì, pé olùrànlọ́wọ́ kan sì wà pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wa á rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí mo ń lò lójoojúmọ́: kí n tó pe ọmọ ní olóríkunkun, màá kọ́kọ́ wádìí etí rẹ̀. Àrùn yírunyírun àti èéyí lè mú etí ọmọ lọ, kí ilé máa rò pé àìgbọràn ni.

Mo fún ètò náà ní mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ dúró ní Nàìjíríà lè kà á sí mẹ́rin. Ẹni tó ń bọ̀ wá síṣẹ́ ìjọba ní Benin, kó béèrè nípa ìbádọ́gba oyè, ìyẹn bóyá wọ́n á ka oyè Nàìjíríà sí ẹgbẹ́ ti Benin, kó tó san owó kankan, kó sì ra pátákó oníhò àti irin tirẹ̀, torí ti ilé ẹ̀kọ́ kì í tó.