Wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ bàbá lẹ́nu: àgbéyẹ̀wò ètò òṣèlú àti lítíréṣọ̀ alẹ́ Sátidé

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ètò yìí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù Keje 2024 ló jẹ́ kí n kọ̀wé nípa rẹ̀. Wákàtí kan lórí òṣèlú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ìwé àtàwọn tó ń kọ ọ́, ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, torí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó gbọ́, kì í ṣe àwọn tó ń wá ẹni tí wọ́n máa bú.

Sátidé ọjọ́ 13 oṣù náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Odidi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi polówó pé àwọn máa sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn ní oṣù Kẹwàá 1965, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kan òǹkọ̀wé náà pé ó wọ iléeṣẹ́ rédíò Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì fi téèpù mìíràn rọ́pò ti Olóyè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, lẹ́yìn ìbò tí aráyé ń pariwo pé èrú wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù dá a sílẹ̀. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún wọn pé òǹkọ̀wé kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Mo ní kí gbogbo wọn wo ètò náà, kí wọ́n kọ ojú ewé kan wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Bàbá kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ oníròyìn n'Ìbàdàn láyé ìgbà náà ni wọ́n pè wá. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ó já gaara. Ó sọ bí ìlú ṣe gbóná, bí wọ́n ṣe ń dáná sun ilé àti mọ́tò, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí wẹ́tìẹ̀. Ó wá ní, "Gbogbo wa yí rédíò ká, à ń retí ohùn Akíntọ́lá. Ohùn tó jáde..."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Ìpolongo ìbò ìpínlẹ̀ Òndó la rí: aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ìlù, ọkùnrin kan tó ń jó lórí pèpéle. Ẹnikẹ́ni kò tọrọ gáfárà. Báyẹn ni wọ́n ṣe é títí àkókò fi tán.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin kan ló gbé e.

"Ẹ kú alẹ́, mà. Ètò yẹn ti parí, mà."

"Kò parí. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu bàbá."

"Wọ́n ní ó ti parí, mà. Ẹ má bínú."

Mo bi í pé ta ló ní ó ti parí. Ó ní kí n dúró. Orin ìpolówó àgbo jẹ̀dí ni mò ń gbọ́ títí káàdì mi fi tán. Mo ra òmíràn, mo tún pè. Ọkùnrin kan ló gbé e lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ ni òun wà, òun ò mọ nǹkan kan nípa ètò. Ó fi sùúrù sọ ọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi gidigidi, torí àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Mà, kí ni ohùn yẹn sọ?"

Apá òṣèlú ètò yìí dára púpọ̀ o. Atọ́kùn rẹ̀ kì í gbà kí olóṣèlú fi àdúrà àti oríkì jẹ àkókò tán. Mo rántí kọmíṣánnà kan tó ń ṣàlàyé pé àwọn ti ṣe ọ̀nà. Atọ́kùn ní, "Láti ibo dé ibo, sà?" Ó tún un bi. Kọmíṣánnà ṣí fáìlì tó mú dání, ó pa á dé, ó ní àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n. Atọ́kùn ní, "Èmi náà ará ìlú ni, sà, ẹ sọ fún mi."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, olóòtú ètò náà fúnra rẹ̀ pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá." Kò wá àwáwí kankan. Ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀hún ló ra àkókò yẹn, pé ètò ti ń lọ kí àṣẹ tó dé láti òkè, pé owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ra díísù sí jẹnẹrétọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń polówó ọjà sí abala ìwé. "Bí mo bá bá wọn jà, abala ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kúrò." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ọjọ́ Sátidé lọ. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1959, òṣèlú wà nínú ìdí rẹ̀, torí wọn kò fún un láyè lórí rédíò láti fèsì sí ọ̀rọ̀ gómìnà òyìnbó. Inú iléeṣẹ́ kan náà ni Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé, ti ṣiṣẹ́. Kí ló wá dé tí òṣèlú fi ń sanwó lónìí kí wọ́n lè pa lítíréṣọ̀ lẹ́nu mọ́?

Olóòtú náà ṣèlérí pé àwọn máa tún ètò náà gbé, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n tún ètò náà gbé jáde lálẹ́ Tọ́sìdé, láìgé. Bàbá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ohùn tó jáde kì í ṣe ti Akíntọ́lá. Ọ̀gá wa ní ká pa rédíò náà kíákíá. Kò sẹ́ni tó dìde." Atọ́kùn kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó fi bàbá sílẹ̀ kó mí. Mi ò rí irú ìbọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lórí tẹlifíṣọ̀n wa. Ọ̀dọ́bìnrin akéwì kan wá ka ewì rẹ̀ lórí ìbò, bàbá sì ń mi orí.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n fi í sí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti sùn, ìpolówó àgbo náà sì ń sáré kọjá lójú bàbá láìsinmi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ló fi fóònù gbà á sílẹ̀, òun la gbọ́ ní kíláàsì.

Máàkì mi: 9 nínú 10. Ẹ wò ó lálẹ́ Sátidé, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà wọn pamọ́. Bí wọ́n bá tún gé e, ká jọ pè wọ́n.