Bàtà ìsáré tó fẹ̀ níwájú: oṣù méje tí mo ti fi ń sáré l'Ákúrẹ́

Èékánná ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé bàtà ló ń ṣe mí, kì í ṣe eré. Nọ́ńbà 43 ni mò ń wọ̀, gbogbo kánfáàsì tí mo sì rà ló gùn tó mi. Iwájú wọn ló rí ṣóńṣó. Tí mo bá sáré láti géètì FUTA dé Ọjà Ọba tí mo padà, àwọn ìka mi á ti gun ara wọn, àárín wọn á sì lé ròrò.

Èyí tí mò ń wọ̀ báyìí, tòkúnbọ̀ ni. Orúkọ ara ahọ́n rẹ̀ ti pa rẹ́, torí náà ìrísí rẹ̀ nìkan ni mo fi rà á. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo tẹ́ bébà sílẹ̀, mo dúró lé e, ìyàwó mi sì fi bírò tọ etí ẹsẹ̀ mi yí ká. Alẹ́ ló dáa láti ṣe é, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ojúmọ́. Ẹ dúró o, ẹ má jókòó. Ìwúwo ara ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ́ tán. Ẹ ya méjèèjì, torí ọ̀kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ, èyí tó tóbi lẹ ó sì fi ra bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà mélòó lẹ fẹ́?" Ọmọkùnrin oníbàtà ló bi mí bẹ́ẹ̀ l'Ọ́jà Ọba. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fa ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà yọ. Mo gbé bébà tí mo ti gé lé e lórí. Bàtà mẹ́rin ni mo yẹ̀ wò. Nínú mẹ́ta, ọmọńdinrín yọ kọjá etí. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà fẹ̀ dáadáa láàárín, àmọ́ ó tún ká wọlé níwájú. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹ̀kẹrin rí pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ: gbogbo ìka mi wọ inú rẹ̀, àyè tó tó fífẹ̀ àtàǹpàkò ọwọ́ sì ṣẹ́ kù níwájú. Ọmọ náà pe ₦22,000, a parí ẹ̀ sí ₦15,000.

Ẹ má fi fífẹ̀ pe dídọ́gba, ẹ má sì fi dídọ́gba pe tínrín. Lára bàtà ìsáré tó wọ́pọ̀, gìgísẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi mílímítà 8 sí 12 ga ju iwájú lọ, tèmi dọ́gba. Bàtà Altra ti Amẹ́ríkà fẹ̀ níwájú, gìgísẹ̀ àti iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn dọ́gba, síbẹ̀ fóòmù tó nípọn wà lábẹ́ wọn. Ti Xero Shoes àti Vivobarefoot sábà máa ń tínrín débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ á mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Lórí ilẹ̀ pupa wa tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, èyí tó ní fóòmù díẹ̀ ni mo fara mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ṣàṣìṣe. Mo sáré gbogbo ọ̀nà mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gìgísẹ̀ bá wálẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti iṣan tó so mọ́ gìgísẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ògiri ni mo dì mú kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo padà sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ kan sáré, ọjọ́ kan sinmi, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ara tó gbà á.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò kúkú sáré láìwọ bàtà, bíi Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia tó gba góòlù Máratóònù Òlíńpíìkì ní Róòmù lọ́dún 1960. Bikila yẹn kan náà wọ bàtà ní Tokyo lọ́dún 1964, ó sì tún gbégbá orókè. Èmi ò lè fi ẹsẹ̀ lásán kọjá àfọ́kù ìgò tó wà lẹ́bàá títì wa. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú, mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ bàtà tínrín rárá láìrí dókítà, torí nǹkan lè gún yín kí ẹ má mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ẹsẹ̀ mi máa ń yọ̀ síwájú tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́. Mo ki okùn rẹ̀ bọ ihò tó kẹ́yìn lókè, mo fà á le níbi ọrùn ẹsẹ̀, mo sì fi iwájú sílẹ̀ gbẹ̀rẹ̀. Ó ti dín kù gan-an. Èékánná mi ti hù padà. Bébà ẹsẹ̀ ìyàwó mi ló wà lápò mi báyìí. Tó bá di Sátidé, mò ń padà sọ́dọ̀ ọmọ náà.