Alẹ́ márùn-ún la sanwó rẹ̀ ní Maldives, mẹ́rin la sùn

Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́ ni èmi àti ọkọ mi wọ́ báàgì wa jáde ní pápákọ̀ òfurufú Velana. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró síbẹ̀, ó gbé pátákó orúkọ rìsọ́ọ̀tù wa, ilé ìgbafẹ́ tí à ń lọ, dání, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó kí wa káàbọ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó wá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn sì dín kù. Ó ní ká má bínú, bàálù orí omi ti tán lónìí, ó di àárọ̀ ọ̀la.

Mo ní oòrùn ṣì ń ràn, kí ló ń jẹ́ pé bàálù tán? Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Bàálù orí omi kì í fò lóru, torí ojú lawakọ̀ fi ń wo omi tó máa bà lé, kò sí iná tí wọ́n tò sójú òkun fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti padà síbùdókọ̀. Ẹni tí bàálù ńlá tó gbé e wá bá balẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, kó yáa wá ibi tó máa sùn sí. Tiwa balẹ̀ ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ajẹ́ńtì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, tó yan aago tí a máa balẹ̀, tó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, òun nìkan ni kò mọ̀. Àbí ó mọ̀, kò sọ.

Mi ò ní dárúkọ ajẹ́ńtì náà tàbí rìsọ́ọ̀tù náà, torí a ṣì jọ ń fa ọ̀rọ̀ owó alẹ́ kan. Ohun tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ sọ, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa, fún ẹni tó bá ń múra irú ìrìnàjò yìí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ti ṣègbéyàwó. A ò jókòó nínú bàálù ju wákàtí mẹ́ta lọ rí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń kàwé nípa yàrá: èyí tó kọjú sí ìlà oòrùn, èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, èyí tí wọ́n kọ́ sórí omi, èyí tó wà nínú iyanrìn. Mo mọ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe fẹ̀ tó. Mo mọ irú ọṣẹ tó wà ní balùwẹ̀. Ìlà kan péré ló wà nínú ìwé ajẹ́ńtì nípa bí a ṣe máa ti Malé, olú ìlú Maldives, dé erékùṣù rìsọ́ọ̀tù wa, mo sì fojú fò ó. Nígbà tí mo tiẹ̀ bèèrè lórí fóònù, ó ní, "Ó wà nínú ètò, mà. Ẹ ṣáà máa lọ, wọ́n á gbé yín." Wọ́n gbé wa lóòótọ́. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Hulhumalé, erékùṣù tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ni wọ́n gbé wa lọ, dọ́là 95, látinú àpò wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Erékùṣù tó wà ní Maldives lé ní 1,190, wọ́n fọ́n káàkiri inú Òkun Íńdíà, rìsọ́ọ̀tù kan sì sábà máa ń gba erékùṣù kan lódindi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1972 tí wọ́n ti ṣí àkọ́kọ́. Kò sí pé èèyàn á na ọwọ́ sí takisí. Tí ibi tí ẹ ń lọ bá wà nítòsí Malé, ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré á gbé yín, ì báà jẹ́ lóru. Tó bá jìnnà, bàálù orí omi ni, tàbí kí ẹ wọ bàálù abẹ́lé tó ń bà sórí ilẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi wá gbé yín parí rẹ̀. Tiwa wà ní Baa, ìdìpọ̀ erékùṣù kan tó lé ní 100 kìlómítà sí Malé. Dọ́là 560 ni bàálù orí omi gbà lórí ẹnìkan, àlọ àti àbọ̀.

Akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì Hulhumalé ló wá fi iyọ̀ sí egbò náà. Ó ní Baa lẹ ń lọ? Ó ní ṣé a mọ̀ pé pápákọ̀ òfurufú wà ní Dharavandhoo, nínú Baa gan-an? Pé bàálù abẹ́lé ń lọ síbẹ̀ kódà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti orí omi lọ? Rìsọ́ọ̀tù ló máa ń fi ọkọ̀ ojú omi pàdé àlejò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́dọ̀ wà nínú ètò tẹ́lẹ̀. Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo àjà.

Hulhumalé fúnra rẹ̀ kò ní láburú. Ibi táwọn ará ìlú ń gbé ni, Mùsùlùmí ni wọ́n, èèyàn kì í sì í ṣí ara sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé ó ti dé rìsọ́ọ̀tù. Èmi tí mo ti pààrọ̀ sí gáùn péńpé láti Doha tí a gbà kọjá, ṣáátì ọkọ mi ni mo wọ̀ lé e lórí títí ilẹ̀ fi mọ́. Òun náà ti rí tirẹ̀ ní ẹnu ibodè. Wọn ò gbà kí àlejò gbé ọtí wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yẹ báàgì wò rí ìgò tó rà ní Doha, wọ́n gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n kọ rìsíìtì fún un, wọ́n ní kó wá gbà á lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Ó ká rìsíìtì yẹn pamọ́ bí ìwé ilẹ̀. Wọ́n sì dá ìgò náà padà fún un lóòótọ́, ó tì í bọ báàgì ńlá.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì tí ajẹ́ńtì wa ṣẹ̀ nìyí, kí n tó gbàgbé. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní IMUGA, gbogbo àlejò ló gbọ́dọ̀ kún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 96 kí bàálù rẹ̀ tó gbéra. Ọ̀fẹ́ ni. Dọ́là 20 ni ajẹ́ńtì gbà lọ́wọ́ wa lórí ẹnìkan. Físà ọgbọ̀n ọjọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni, ibodè ni wọ́n ti ń fún èèyàn. Mo dúpẹ́ pé kò ta ìyẹn fún wa. Ẹni tó bá ń ti orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú wà bọ̀, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ti wà níbi bàálù orí omi. Wọ́n gbé báàgì lé òṣùwọ̀n. Kílò 20 ni wọ́n fàyè gbà fún báàgì ńlá, kílò 5 fún èyí tó wà lọ́wọ́. Báàgì ńlá mi jẹ́ kílò 26. Mo san dọ́là 30 lórí àlékún. Bàtà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, títí kan ọ̀kan tó ní gìgísẹ̀ gogoro tí mo rà torí oúnjẹ alẹ́ àjọyọ̀ wa. A wọnú bàálù, mo rí awakọ̀ méjèèjì: ṣáátì funfun, àmì oyè léjìká, ṣòkòtò péńpé, ẹsẹ̀ lásán. Láti ibẹ̀ títí a fi padà, mi ò rí ẹni tó nílò bàtà.

Bàálù yẹn nìkan ni mo máa yìn láìku ìkan. Kékeré ni, bí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí nọ́ńbà ìjókòó, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń mú fèrèsé. Wọ́n fún wa ní ohun tí a fi dí etí, torí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ń wọ eyín. Ooru mú. Ó sáré lórí omi, omi ń ta lu fèrèsé bí ẹni ń fi garawa dà á, lẹ́yìn náà ni ìgbọ̀nrìrì abẹ́ wa dákẹ́ lójijì, a ti gbéra. Mo wolẹ̀. Òkun rí bí aró, ni òrùka kan á bá yọ láàárín rẹ̀, etí rẹ̀ àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ funfun. A ò tíì kọjá èyí tán tí òmíràn fi yọ. Iyùn inú òkun, ẹ̀dá kéékèèké tó ń kọ́ ilé bí òkúta, ló kọ́ wọn, ní etí òkè iná àtijọ́. Òkè ti rì, òrùka kù. Mo rí erékùṣù kan tí kò gbà ju igi àgbọn méje lọ, mo kà wọ́n. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ibi tó ga jù kò ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ. Ọkọ mi tó kórìíra bàálù di ọwọ́ mi mú fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì, kò sì dijú lẹ́ẹ̀kan.

Kò bà sí erékùṣù. Ẹ̀gbẹ́ pákó kan tó léfòó lójú òkun ló bà sí, a sọ̀ sórí rẹ̀ pẹ̀lú báàgì wa, bàálù sì lọ. Òkun níwájú, òkun lẹ́yìn. Ọkọ̀ rìsọ́ọ̀tù ti ń bọ̀.

Rìsọ́ọ̀tù dára. Yàrá inú iyanrìn la gbà, ìyẹn sì ni ohun tó dáa jù tí mo ṣe nínú oṣù mẹ́jọ yẹn. Yàrá orí omi ni gbogbo àwòrán ń tà fún èèyàn. Ó rẹwà o, ṣùgbọ́n orí pákó gígùn lẹ ó máa rìn nínú oòrùn, kò sí igi kan, àkàsọ̀ ilé sì ń sọ̀ tààrà sínú omi, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ò mọ̀wẹ̀. Tiwa ní àgbọn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, omi tí kò dé orúnkún sì wà níwájú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì wa ní rìsọ́ọ̀tù ni ọkọ mi ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ tó ṣàdédé fò sókè. Àwọn ọmọ àkurákudà ni, tí orí lẹbẹ́ wọn dúdú, wọn ò gùn ju apá lọ, wọ́n ń kọjá bí ẹni tó pẹ́ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní wọn kì í bá èèyàn jà. Kò gbà gbọ́ títí a fi kúrò.

Ẹ ṣọ́ aago. Rìsọ́ọ̀tù wa fi wákàtí kan síwájú aago Malé kí ìrọ̀lẹ́ lè pẹ́ lójú àlejò, fóònù mi ò sì mọ̀. Oúnjẹ àárọ̀ àkọ́kọ́ fò wá.

Ohun tí àwòrán wọn kì í gbé ni iyùn tó ti kú. Omi òkun gbóná kọjá bó ṣe yẹ ní 1998 àti ní 2016, iyùn púpọ̀ ní Maldives sì funfun, ó kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ojú sómi níwájú yàrá wa, ó dà bí egungun tí wọ́n dà sílẹ̀. Ẹja pọ̀ láàárín rẹ̀, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò iyùn tiwọn ránṣẹ́, tọdún yìí.

Owó wá ńkọ́? Oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ ló wà nínú tiwa, tọ̀sán kò sí, ibòmíì kò sì sí tí èèyàn lè gbà yà sí. Ẹja yíyan tí wọ́n kọ dọ́là 40 sí: owó iṣẹ́ ìtọ́jú àlejò 10% gorí rẹ̀, ó di 44; owó orí ìjọba, tó ti di 17% láti oṣù Keje 2025, gorí 44 yẹn, ó di 51.48. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi inú ìgò. Owó orí àyíká tún wà, dọ́là 12 lórí ẹnìkan lálẹ́ kan ní rìsọ́ọ̀tù. Kí 2025 tó dé, 6 ni. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, wọ́n kọ 120 síbẹ̀ fún wa: èèyàn méjì, alẹ́ márùn-ún. Mo ní alẹ́ márùn-ún wo? Hulhumalé ni mo sùn lálẹ́ àkọ́kọ́, mo sì ti sanwó orí ti ibẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi bírò kà á lórí ìwé, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, wọ́n yọ 24 kúrò.

Owó yàrá alẹ́ yẹn ni wọn ò fẹ́ yọ. Wọ́n ní yàrá ń dúró dè wá, wọn ò lè tà á fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń bá àlejò gba ààyè nínú bàálù orí omi, wọ́n ní aago tí a máa balẹ̀ lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́rin. Ìmeèlì kan péré ni.

Oṣù Kẹsàn-án la lọ. Láti oṣù Karùn-ún sí Kẹwàá ni afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́, owó yàrá á sì wálẹ̀. Oṣù Kejìlá sí Kẹrin ni ọ̀dá, ọ̀wọ́n gógó. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ kan ààbọ̀ nínú mẹ́rin tiwa, mi ò sì kábàámọ̀, torí àsìkò òjò yìí náà ni ẹja manta, ẹja ńlá pẹlẹbẹ tó ní apá bí ìyẹ́, ń kó wá sí Hanifaru ní Baa. Afẹ́fẹ́ ń gbá oúnjẹ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ inú omi jọ sínú ìyawọ́ òkun náà, wọ́n á sì wá jẹ ẹ́. Ìjọba ń ṣọ́ ibẹ̀, Baa wà lára ibi tí UNESCO yà sọ́tọ̀ ní 2011. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ìgò afẹ́fẹ́ sẹ́yìn rì wọlé. Ojú omi lẹ ó wà, iye èèyàn níwọ̀n, ìṣẹ́jú 45, ó tán.

Òjìji ni mo kọ́kọ́ rí. Mo rò pé ìkùukùu ló ń kọjá lókè, ni òjìji náà bá la ẹnu. Ẹnu fẹ̀, mi ò rí eyín kankan, mo rí òpin ọ̀fun rẹ̀. Ó ń bọ̀ tààrà, apá rẹ̀ ń lọ sókè sódò wọ̀ọ̀ bí aṣọ nínú afẹ́fẹ́, láti apá dé apá ó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gíga mi. Mo gbàgbé láti mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn mí, ó yí padà, ó fi ikùn hàn mí, funfun, pẹ̀lú àmì dúdú. Afinimọ̀nà wa ní àmì ikùn wọn kì í jọra, bí ìtẹ̀ka èèyàn, òun làwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀. Mẹ́sàn-án ni mo kà. Ọkọ mi nínú aṣọ àfiléfòó dúró nínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní òun ò wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pòm̀! lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí a délé, mo fi gbogbo rìsíìtì ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dáhùn. Lọ́jọ́ kẹrin ó pè. "Ẹ má bínú, mà. Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà ò dé ibẹ̀ rí." Èyí dùn mí ju Hulhumalé lọ, torí ká ní ó ti sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, ǹ bá ti wádìí ọ̀nà fúnra mi. Ó dá dọ́là 95 padà, ó dá 40 orí fọ́ọ̀mù padà. Ti alẹ́ tó sọnù la ṣì ń fà. Ó wá ní kí n jọ̀ọ́ fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo fún un ní méjì: ọ̀kan fún owó tó dá padà, ọ̀kan fún ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó gbà fún wa láti Doha.