Telegram fún ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé: ibi tó dára dé àti ibi tó kù sí

Ìmọ̀ràn kì í wọ́n láàárín àwọn òǹkọ̀wé lórí ayélujára. Bí a ó ṣe tún un rí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà wá níyànjú tán ni wàhálà. Ẹnì kan á ṣàlàyé láàárọ̀ bí ẹ̀dá ìtàn méjì ṣe lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí "ó ní, ó ní" lórí gbogbo ìlà. Kó tó di ọ̀sán, "ẹ kú oríire" ogún àti àwòrán mẹ́wàá ti bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo la fi ń díwọ̀n gbàgede òǹkọ̀wé: ṣé ìmọ̀ràn oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣì ṣeé wá rí? Lórí èyí, Telegram borí WhatsApp. Àmọ́ àléébù ńlá kan wà lára rẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀.

Ohun tó gbé e ga ni Topics, ìyẹn àǹfààní láti pín gúrúùpù kan sí yàrá yàrá. Alábòójútó á tẹ orúkọ gúrúùpù lókè, á tẹ àmì pẹ́ńsù tàbí Edit, á sì tan Topics. Yàrá mẹ́rin ti tó: ìkíni àti àwàdà, ìbéèrè nípa ọgbọ́n ìkọ̀wé, àyẹ̀wò iṣẹ́, àti ìdíje pẹ̀lú àwọn ìwé ìròyìn tó ń gba iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ṣí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan náà kì í pẹ́ rí i pé mẹ́wàá ti ṣófo, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìbéèrè òun bọ́ sí. Ẹ má sì fojú tín-ín-rín yàrá àwàdà o. Bí kò bá sí, inú yàrá àyẹ̀wò ni àwàdà máa gbà wọlé.

Ìkejì, tí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ máa fẹ́ràn jù, ni Quote. Lórí WhatsApp, bí ẹ bá fèsì sí àtẹ̀jíṣẹ́, odindi rẹ̀ lẹ fèsì sí. Lórí Telegram, ẹ lè yan ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ tẹ Quote, kí ẹ wá sọ tẹnu yín lábẹ́ ìlà yẹn gan-an. "Ìpínrọ̀ kejì kò já gaara" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìlà tí kò já gaara náà ló yẹ kí ẹni tó kọ ọ́ rí. Ìwà kan tún wà tí Quote máa ń dín kù. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ odindi orí kẹta nítorí gbólóhùn méjì tí kò yé e, ẹ ní kó fa gbólóhùn méjèèjì yọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò lè ju lẹ́tà àti àmì 4,096 lọ. Ohun tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, Telegram á gé e sí méjì, nígbà mìíràn láàárín gbólóhùn. Nítorí náà, ẹ má lẹ orí ìwé kan mọ́ ibẹ̀. Nǹkan bí 500 sí 600 ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ìyókù wà nínú fáìlì Word (.docx). Ẹ kọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ sókè, iye ìgbà tí ẹ ti tún un kọ, àti ìbéèrè méjì pàtó: "Níbo ni ìtàn yìí ti sú yín?" tàbí "Ṣé ẹ ti mọ ẹni tó jí owó náà kí ẹ tó dé ìparí?" Ẹni tó bá kàn ní "ẹ bá mi wò ó" á gba "ó dára púpọ̀" mẹ́fà, torí kò sọ ohun tí wọ́n máa wò. Òfin tó sì ń mú irú yàrá bẹ́ẹ̀ pẹ́ ni pé kí èèyàn ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ méjì kó tó gbé ọ̀kan tirẹ̀ sílẹ̀. Telegram gba èèyàn 200,000 sínú gúrúùpù kan, ṣùgbọ́n ọjà nìyẹn. Fún àyẹ̀wò, mẹ́jọ sí méjìlá ló dára.

Bí gúrúùpù yín kò bá tan Topics, kí alábòójútó tún wo Chat History for New Members, kó fi í sí Visible. Bí ó bá wà ní Hidden, ẹni tuntun kò ní rí ìdáhùn àtijọ́, á sì tún béèrè ohun tí wọ́n ti dáhùn ní ìgbà márùn-ún.

Àléébù ńlá náà rèé. WhatsApp máa ń ti ọ̀rọ̀ pa láti ọwọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tó gbà á, tí ẹnikẹ́ni láàárín kò fi lè kà á. Gúrúùpù Telegram kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kíkọ, Secret Chat, tó jẹ́ ti ẹni méjì péré, nìkan ló ní irú títì yẹn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè kó o sí ìjọ̀ngbọ̀n kò gbọdọ̀ fi í síbẹ̀. Èyí tó tún ń dun àwọn òǹkọ̀wé jù ni gúrúùpù Public, tí ẹnikẹ́ni lè kà láìdarapọ̀. Ọ̀pọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn ka iṣẹ́ tó ti wà ní gbangba sí èyí tí a ti tẹ̀ jáde, wọn kì í sì í gbà á. Ẹ fi í sí Private, kí ẹ tan Restrict Saving Content, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀ tàbí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ síbòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù kejì ṣì lè ya àwòrán ojú ìwé náà.

Nọ́ńbà fóònù ṣeé fi pamọ́: Settings, Privacy and Security, Phone Number, ẹ yan Nobody. Ìyẹn kò dá gbájúẹ̀ dúró o. Wọ́n á darapọ̀, wọ́n á dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á wá kọ̀wé sí ọmọ ẹgbẹ́ ní kọ̀rọ̀ pé aṣojú òǹkọ̀wé ni àwọn, ìyẹn ẹni tó ń bá òǹkọ̀wé wá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kó sanwó ìkàwé, ìyẹn owó tí wọ́n á fi ka iṣẹ́ rẹ̀. Aṣojú tòótọ́ kì í gba owó ìkàwé. Nínú owó tí ìwé bá mú wọlé ló ti ń mú tirẹ̀, 15% lọ́pọ̀ ìgbà.

X àti Bluesky, pẹ̀lú lẹ́tà 280 (fún ẹni tí kò sanwó) àti 300 wọn, wúlò láti fi wá ẹni tí ẹ jọ ń kọ irú iṣẹ́ kan náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Discord, gbàgede ìfọ̀rọ̀wérọ̀ mìíràn, to yàrá rẹ̀ dáadáa ju Telegram lọ, àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló ń lò máa ń sọnù níbẹ̀.

Lóṣooṣù, kí alábòójútó pa Restrict Saving Content ná, torí kì í jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, kó ṣí Telegram Desktop, ìyẹn Telegram orí kọ̀ǹpútà, kó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, kó yan Export chat history, kó sì tún tan Restrict Saving Content padà. Fáìlì HTML ló máa já sọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣeé kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí fóònù, ẹ ò ní rí bọ́tìnnì yìí.